Eku Tó Ń Fẹsẹ̀ Lulẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n yáa sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀: èmi ò fẹ́ràn eku. Alágbàfọ̀ ni mí. Ẹni tó bá ń gba aṣọ oníbàárà fọ̀, tó ń lọ̀ ọ́, tó sì ní òun ò kórìíra eku, kò tíì bá iṣẹ́ náà jìnnà ni. Eku ti jẹ agbádá ẹni ẹlẹ́ni mọ́ mi lọ́wọ́ rí, èébú tí ẹni tó ni agbádá bú mi lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ létí. Nítorí náà, nígbà tí mo fọwọ́ ara mi gbé eku méjì wọ ilé wa ní Ṣógúnlé, gbogbo ará ilé ló jáde wá wò mí bóyá orí mi pé.

Kọsítọ́mà mi kan ló kó wọn fún wa. Òyìnbó ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Ìsọlọ̀, èmi ni mo ń bá a fọ ṣẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ parí tó ń múra àtilọ sílé, ó ní òun ò lè gbé àwọn eku òun wọ bàálù. Ọmọ tí mò ń tọ́, ọmọ àbúrò mi obìnrin, ló bá mi lọ gbé aṣọ fún un lọ́jọ́ náà. Ó rí àpótí onígíláàsì tí àwọn eku náà wà nínú rẹ̀, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, kò dìde mọ́. Mo fà á, kò gbà. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Wọn ò jọ eku ilé wa. Àwọ̀ iyanrìn ni wọ́n, ìrù wọn nírun, ojú wọn dúdú ó sì tóbi, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wọn gùn. Ọ̀kan ní àmì funfun níwájú orí, ìyẹn la fi ń dá wọn mọ̀. Òyìnbó ní inú aṣálẹ̀ ni ìran wọn ti ṣẹ̀, pé abo ni àwọn méjèèjì, ìyá kan náà ló bí wọn lọ́jọ́ kan náà. Ó dárúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n, jábììlì, ahọ́n wa ò gbé e. A bá ń pè wọ́n ní eku òyìnbó.

Ohun tí kò sọ fún wa ni pé wọ́n máa ń fẹsẹ̀ lulẹ̀. Bí ẹ̀rù bá ba ọ̀kan, á dúró ṣánṣán, á wá máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá ilẹ̀ àpótí náà, tú-tú-tú, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí kò sì fẹ́ kí ará ilé yòókù gbọ́. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bàálù ò jìnnà sórí òrùlé. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀ wá balẹ̀, páànù á gbọ̀n, ife á gbọ̀n lórí tábìlì. Àwọn eku á ti máa lulẹ̀ kí etí tiwa tó gbọ́ ohunkóhun. Màámi, ìyá tó bí èmi àti àbúrò mi, ní, "Àwọn ẹranko yìí ń gbọ́ ohun tí kò tíì dé." Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má fi ìyẹn dẹ́rù bà mí, bàálù ni wọ́n ń gbọ́.

Bí wọn ò bá lulẹ̀, wọ́n á sùn lérí ara wọn débi pé ẹ ò ní mọ èyí tó ni orí, ẹ ò ní mọ èyí tó ni ìrù. Wọn kì í jà. Ọmọ náà á ki ọwọ́ bọ àárín wọn, wọ́n á gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á gùn ún. Mo máa ń bú wọn, mo sì máa ń ra ẹ̀pà fún wọn.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ àbúrò mi wàyí. Ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú nígbà tó rìnrìn àjò lọ ṣiṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Láàárọ̀ tó ń lọ, ó tú ìró ìdí rẹ̀, ó fi bo ọmọ náà níbi tó sùn sí, ó ró òmíràn, ó jáde. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń ṣe é: ìyá tó bá fẹ́ rìn jìnnà á fi aṣọ tó ti ara rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, kí ọmọ máa gbóòórùn rẹ̀ sùn. Màámi kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fọ ìró náà. Èmi alágbàfọ̀! Aṣọ kan ṣoṣo tí omi ò kàn nínú ilé wa nìyẹn. Ọmọ fi ń sùn títí ó fi di ọmọ iléèwé, ó di ẹni tó ń ka ìwé fún wa, ó ṣì ń fi sùn.

Inú fóònù ló ti mọ ojú ìyá rẹ̀. "Mọ́mì inú fóònù" ló ń pè é. Èmi ni Mọ́mì. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó ń dùn mọ́ mi.

Ìgbà tó yá, fóònù náà ò lọ mọ́. A pè é títí, ọ̀rọ̀ kan náà ni obìnrin inú rẹ̀ ń sọ fún wa. Oṣù ń gorí oṣù. Màámi ò sunkún lójú mi, ṣùgbọ́n wọ́n á jókòó, wọ́n á fọwọ́ lẹ́rán, ọbẹ̀ á jóná lórí iná. Mo ní kí wọ́n fi ọkàn balẹ̀. Mo ní fóònù ló bàjẹ́. Mo sọ ọ́ débi pé èmi náà fẹ́ẹ̀ gbà á gbọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló dé, kò sẹ́ni tó ń retí rẹ̀. Mò ń sá bẹ́ẹ̀díṣíìtì lẹ́yìnkùlé. Aṣọ funfun gbọọrọ wà lórí okùn, afẹ́fẹ́ ò fẹ́ rárá. Mo wolẹ̀, mo rí ẹsẹ̀ méjì lábẹ́ aṣọ náà ní òdìkejì. Ẹni náà dúró, kò mira. Mo ní, "Ta nìyẹn?" Kò dáhùn. Mo ní, "Ta nìyẹn? Ṣé odi ni ẹ́ ni?" Kò dáhùn. Inú bí mi, mo gbá aṣọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àbúrò mi ni.

Mo kígbe, mo dì mọ́ ọn, a jọ wó lu aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Nínú oòrùn yẹn, ara rẹ̀ tutù. Òórùn tó ń bọ̀ lára rẹ̀ kì í ṣe òórùn ilé wa: lọ́fíńdà líle kan ni, àti èéfín igi olóòórùn dídùn tí wọ́n ń sun níbi tó ti wá, ó ti wọnú irun rẹ̀, ó ti wọnú awọ ara rẹ̀. Mo bi í léèrè ibi tó wà láti ọjọ́ yìí. Ó ní wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ òun nínú ilé tí òun ti ń ṣiṣẹ́. Mo béèrè ìyókù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó lọ."

Ọmọ ti iléèwé dé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, báàgì ṣì wà léjìká rẹ̀. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ọmọ náà rìn lọ bá a díẹ̀díẹ̀, ó na imú síwájú, ó gbóòórùn àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn eku ṣe máa ń gbóòórùn tirẹ̀. Ó padà sẹ́yìn.

Ó ní, "Èyí kọ́."

Mo ní, "Èyí kọ́ kí ni? Ṣé o ò rí ojú rẹ̀ ni?"

Ó ní, "Ojú rẹ̀ ni. Àmọ́ òun kọ́." Ó wá dúró sẹ́yìn mi, ó di aṣọ mi mú.

Nínú àpótí, ọ̀kan nínú àwọn eku bẹ̀rẹ̀ sí í lulẹ̀. Mo gbójú sókè, mò ń retí bàálù. Bàálù kankan ò kọjá.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé pẹ̀lú ara wa nìyẹn. Èmi àti ọmọ ń sùn sí yàrá, àbúrò mi tẹ́ ẹní sí pálọ̀ lọ́dọ̀ Màámi, nítòsí àpótí eku. Kì í ṣe wàhálà fún ẹnikẹ́ni. Ó ń gbálẹ̀, ó ń ká aṣọ kí n tó sọ pé kó ká a. Ṣùgbọ́n kò ní ìró ẹsẹ̀. Mo lè wà nídìí áyọ́ọ̀nù, kí n kàn yíjú, kó ti wà lẹ́yìn mi. Màá fò sókè. Ó ní nínú ilé tí òun wà lọ́hùn-ún, wọn kì í fẹ́ gbọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọ̀dọ̀, òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn láìdún. Bí a bá sì pe orúkọ tí bàbá wa sọ ọ́, kì í dáhùn lẹ́ẹ̀kan. Orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, wọ́n ní tiwa ṣòro. Bó bá sùn lọ́sàn-án, á máa sọ èdè wọn lójú oorun, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á di ohùn ẹlòmíràn. Àwọn eku á sì máa lulẹ̀ títí yóò fi jí.

Obìnrin kan ń gbé yàrá ọ̀kánkán wa, ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́ rí. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́nu kànga. Ó ní, "Ìyá Alágbàfọ̀, ẹ má bínú o. Àbúrò yín yìí, ṣé ẹ máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀? Ẹni tó bá kú sọ́nà jíjìn, ó lè máa rìn kiri o." Àkúdàáyà ló ń pe ọmọ ìyá mi! Mo dá a lóhùn tó yẹ ẹ́. Mo ní àkúdàáyà kì í padà sí ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, kó lọ bi àwọn àgbà ilé wọn. Mo ní bó bá tún sọ ọ́, màá fi omi ọṣẹ fọ ẹnu náà fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sídìí iṣẹ́ mi, mò ń tẹ́tí bóyá màá gbọ́ ẹsẹ̀ àbúrò mi.

Àbúrò mi ò wá nǹkan mìíràn, ọmọ rẹ̀ ló ń wá. Ọmọ ò bá a jẹun, ọmọ ò bá a sọ̀rọ̀. Ó wá ṣàkíyèsí pé àwọn eku yẹn lọmọ fẹ́ràn jù. Sátidé kan, ọmọ lọ sí ilé kéú. Àbúrò mi gbé èyí tó ní àmì funfun, ó fi sínú ìbòrí rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń gbé e káàkiri láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń fi ìka pa á lórí. Ó fẹ́ kí ọmọ rí i pé ẹranko tó fẹ́ràn gba òun. Nígbà tí ọmọ wọlé, ó ní, "Wò ó, ó ti di ọ̀rẹ́ mi." Ó gbé e padà sínú àpótí lójú ọmọ.

Èyí tó kù wá pàdé rẹ̀ bó ṣe máa ń wá. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó dúró. Irun ara rẹ̀ dìde láti ọrùn títí dé ìdí. Ó tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sún sẹ́yìn, ó lulẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fò mọ́ ọn. Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rí irú rẹ̀ rí! Wọ́n di bọ́ọ̀lù kan, wọ́n ń yí, èérún igi tí a tẹ́ sábẹ́ wọn ń fò, ẹ̀jẹ̀ ta sára gíláàsì. Wọn ò sì ké. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù, ìjà tí kò láriwo. Mo fẹ́ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, àbúrò mi fà mí sẹ́yìn. Mo sáré mú ìkólẹ̀, mo fi pààlà sáàárín wọn, mo fi kó alámì funfun sínú báàfù ìfọṣọ mi tó jìn jù. Etí rẹ̀ ti ya, ìdí ìrù rẹ̀ ti bó.

Ọmọ náà ò sunkún. Ó kàn ń wò. Ó wá ní, "Ṣé ẹ rí i? Ó ti mọ̀ pé ọmọ ìyá òun ti kú." Ó gbójú kúrò lára eku, ó wo ìyá rẹ̀.

Mo ní, "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ta ló kú?"

Ó ní, "Mo jẹ àkàrà rẹ̀."

Mo yíjú sí Màámi. Màámi ń wo ẹsẹ̀ ara wọn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jáde nìyẹn. Nígbà tí fóònù ò lọ mọ́, Màámi ti gbà lọ́kàn wọn pé ọmọ àwọn ti kú. Ọjọ́ kan tí mo lọ pín aṣọ ní Ìsọlọ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe ààfáà, wọ́n ní kó ṣe fìdáù fún un, àdúrà òkú. Wọ́n dín àkàrà, wọ́n dín mósà, wọ́n pín in sàárà fún àwọn ọmọ àdúgbò. Wọ́n bu ti ọmọ náà fún un, wọ́n ní kó jẹ ẹ́, kó sì tọrọ àforíjì fún ìyá rẹ̀ tó ti lọ. Wọ́n ní kó má sọ fún mi, pé agídí mi pọ̀, màá da ilé rú. Màámi ò purọ́ níbẹ̀, màá dà á rú. Ọmọ gbé e sínú, kò sọ ọ́. Ìgbà tó wá yá, òkú tí ọmọ jẹ àkàrà rẹ̀ wọlé wá, ó na ọwọ́ sí i.

Àbúrò mi ò bínú. Ó kàn béèrè ìgbà tí wọ́n ṣe fìdáù náà. Màámi ní òjò ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ni. Àbúrò mi mi orí. Ó ní, "Ìgbà yẹn ni ara mi ò yá. Wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù, mi ò mọ ibi tí mo wà. Mo ṣáà ń gbóòórùn àkàrà."

Màámi ní, "Asitagafurulai," wọ́n fi ìbòrí bojú.

Àbúrò mi wá ní, "Ẹni tó bá mi wáṣẹ́ lọ́hùn-ún ò yéé pè mí pé kí n padà. Bí ọmọ mi ò bá mọ̀ mí mọ́, kí ni mò ń ṣe níbí? Màá lọ. Bí mo bá sì lọ lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má pè mí mọ́."

Mo pariwo lé e lórí. Mo ní kò lọ ibì kankan, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni màá so mọ́ okùn aṣọ. Ó ń wò mí, kò fèsì. Mo mọ àbúrò mi. Bó bá ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ti pinnu ni. Ọmọ náà ló dáhùn lẹ́yìn mi, ohùn rẹ̀ ò ga. "Bí èyí bá gbà pé ọmọ ìyá òun nìyẹn," ó ń tọ́ka sí àpótí, "èmi náà á gbà."

Mo ní, "Háà! Kí a gbé ọ̀rọ̀ èèyàn lé eku lọ́wọ́? Ta ló kọ́ ọ ní irú ìyẹn?" Ṣùgbọ́n àbúrò mi ní, "Mo gbà."

Omi ọṣẹ ni mo kọ́kọ́ ń pò. Kí lẹ fẹ́ kí alágbàfọ̀ rò? Mo fẹ́ fọ àpótí, fọ eku, kí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Orí ló yọ mí tí mo kọ́kọ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí òyìnbó náà lórí fóònù. Ó dá mi lóhùn kíá. Ó ní kí n má dán an wò. Ó ní wọn kì í fojú mọ ara wọn, imú ni wọ́n fi ń mọ̀. Bí òórùn ọ̀kan bá ti yí padà, àlejò ló dé yẹn, wọ́n á sì fẹ́ pa á. Ó ní kí a fi wáyà pín àpótí sí méjì, kí wọ́n máa rí ara wọn láì lè géra wọn jẹ. Kí a wá máa pààrọ̀ wọn, kí eléyìí sùn sínú ìtẹ́ tọ̀hún, kí tọ̀hún sùn sínú ìtẹ́ eléyìí, títí òórùn wọn á fi padà di ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti ń fara ti wáyà sùn níhà méjèèjì, a lè yọ ọ́. "Ẹ dúró tì wọ́n o," ó ní. "Bí wọ́n bá tún jà, ẹ là wọ́n, ẹ má sì gbìyànjú rẹ̀ mọ́. Ó ti tán nìyẹn."

Wẹ́dà tó wà ní ìkángun àdúgbò ló gé wáyà náà fún wa. Ó bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Mo ní kó rẹ́rìn-ín dáadáa, kó ṣáà fi ayùn ra etí wáyà náà kó má bàa gún wọn.

Ọmọ ní ìyá rẹ̀ ló máa bá òun pààrọ̀ wọn, nítorí ìyá òun ló dá ìjà náà sílẹ̀. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, bó bá ti iléèwé dé, àwọn méjèèjì á kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí. Ọmọ á gbé ọ̀kan, ìyá á gbé èkejì. "Ẹ gbé e báyìí." "Mo ti gbé e." Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wọn nìyẹn. Àwọn eku á bọ́ sínú ìtẹ́ ara wọn, wọ́n á máa gbóòórùn gbogbo igun. Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń fi eyín fa wáyà láti ìhà méjèèjì, ìró náà á máa lọ bí a bá ń jẹun, bí a bá ń kírun.

Lọ́jọ́ kan, ọmọ wá bá mi nídìí aṣọ. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n máa sùn sórí ẹní tiẹ̀. Kí òun máa sùn síbi tèmi." Mo lóye rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ṣe mí bákan, ṣùgbọ́n mo ní kó kó ìrọ̀rí rẹ̀ lọ. Ìró ìyá rẹ̀ yẹn, èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ó fi sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Àbúrò mi wọlé wá, ó rí i. Ó gbé e bo imú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní, "Kì í ṣe òórùn mi nìyí." Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀. Òótọ́ ni. Òórùn orí ọmọ ló wà níbẹ̀, àti sítáàṣì, àti ọṣẹ, òórùn ọwọ́ tèmi. Òórùn tí ọmọ náà ti ń pè ní ìyá rẹ̀ láti ìgbà yẹn wá nìyẹn. Mo fi ìró náà bò ó, mo ní kó sùn.

Kò fi lọ́fíńdà mọ́. Ọṣẹ dúdú ló fi ń wẹ̀, ó ń bá mi fọṣọ, ó ń bá mi po sítáàṣì. Ṣùgbọ́n bó bá sùn lọ́sàn-án, ohùn ẹlòmíràn yẹn ṣì ń jáde lẹ́nu rẹ̀, àwọn eku ṣì ń lulẹ̀, ọ̀kan níhà ìhín, èkejì níhà ọ̀hún.

Nígbà tó yá, a rí i pé wọ́n ń fara ti wáyà sùn, irun ti ìhín ń yọ sí ti ọ̀hún. Màámi ní kí a yọ wáyà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n rẹ ẹ̀wà, wọ́n dín àkàrà fúnra wọn, wọ́n pín in ní sàárà ọpẹ́. Wọ́n pe ọmọ náà, wọ́n ní, "Èmi ìyá àgbà rẹ ni mo parọ́ fún ọ. Ìyá rẹ ò kú. Mo jẹ̀bi, foríjì mí." Wọ́n gbé àwo àkàrà síwájú rẹ̀. Ọmọ náà ní kí wọ́n jẹ́ kí a yọ wáyà ná.

Òjò ti ṣú lọ́sàn-án yẹn, iná ò sí, pálọ̀ dúdú. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró yí àpótí náà ká. Mo mú ìkólẹ̀ lọ́wọ́. Àpò ìrìn-àjò àbúrò mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti dì í, mi ò bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọmọ fa wáyà náà yọ.

Wọn ò mira. Lẹ́yìn náà, èyí tí kò ní àmì rìn wá, ó na imú, ó gbóòórùn etí tó ya. Ó gbóòórùn ọrùn. Ó dúró. Gbogbo ara rẹ̀ le gbagidi, ó gbójú sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lulẹ̀. Tú-tú-tú. Alámì funfun náà dáhùn. Àbúrò mi mí kanlẹ̀, ó yíjú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sọ́nà ibi tí àpò rẹ̀ wà. Ọwọ́ mi ti wọnú àpótí pẹ̀lú ìkólẹ̀. Ọmọ náà di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ dúró."

Ife bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí tábìlì. Páànù gbọ̀n. Bàálù kọjá lórí wa, ó sún mọ́lẹ̀ débi pé mo rò pé ó fẹ́ kó òrùlé lọ, ìró rẹ̀ bo gbogbo ilé, ó sì lọ. Àwọn eku dákẹ́. Alámì funfun wọ́ lọ sábẹ́ àgbọ̀n èkejì, ó dùbúlẹ̀. Èkejì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ahọ́n lá etí tó ya.

Màámi ní alihamudulilai. Ọmọ mú àkàrà kan nínú àwo, ó lọ bá ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gé e sí méjì, ó gbé ààbọ̀ sí i lẹ́nu. "Ẹ jẹ ẹ́." Ó tẹjú mọ́ ọ̀fun ìyá rẹ̀ títí ó fi gbé e mì. Òun náà jẹ tirẹ̀. Ó wá fi imú kan ìyá rẹ̀ lọ́rùn, ó pẹ́ níbẹ̀, ó ní, "Mọ́mì."

Mo ní, "Hẹ́n?" Ẹnu mi ti dáhùn kí n tó mọ̀ pé èmi kọ́ ló ń pè.

Èjìgbò ni ìyá àti ọmọ ń gbé báyìí, àbúrò mi ti gba yàrá níbẹ̀, wọ́n gbé àpótí náà lọ. Mo lọ kí wọn láìpẹ́ yìí. Àbúrò mi ló ṣílẹ̀kùn, mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpótí, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ bí mo ṣe máa ń ṣe. Àwọn eku méjèèjì sá sí igun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lulẹ̀.

Ọmọ náà ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, wọn ò mọ̀ yín mọ́ ni." Ó bu èérún igi láti inú ìtẹ́ wọn, ó mú ọwọ́ mi méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa á, àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, jẹ́jẹ́, ó ń ṣe é dáadáa kí ibì kankan má bàa ṣẹ́kù.

Mo délé. Omi wà nínú kẹ́ẹ̀gì, ọṣẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ oníbàárà ń dúró dè mí. Mi ò fọwọ́.